Awó Oníṣùkú Akparé

Liège, 14 oṣù kìíní, 2024

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìjókòó ọjà. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Bí ẹ bá béèrè èmi, ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Lẹ́tà tí mo kọ lẹ́yìn Iléyá, ẹ ò fèsì. Mo mọ̀ pé ẹ ń bínú nítorí pé mi ò wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bínú kẹ́ ẹ sì máa fèsì.

Ẹ rántí pé mo ti sọ fún yín pé mo wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ níbí. Ẹ fi mí ṣẹ̀sín nígbà náà, ẹ ní ẹni tó ń wo ẹyẹ òyìnbó, ṣé ó ti wo tilé tán ni. Ṣùgbọ́n Màmá, ní ilé ìkẹ́rù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ nìkan ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀. Bí mo bá ti ní ìsinmi, màá gbé jùmẹ́ẹ̀lì mi kọ́rùn, awò onígò méjì tí ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni, màá gba etí odò lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí màá dúró títí ìka mi á fi kú, tí mi ò ní rí ju pẹ́pẹ́yẹ lọ. Ọjọ́ mìíràn, ẹyẹ kan á bà síwájú mi, gbogbo òtútù yẹn á sì di ohun ìgbàgbé.

Lóṣù tó kọjá, mo rí ẹyẹ kékeré kan tí kì í dé ìhà ibí rárá. Ọ̀nà ìlà-oòrùn, níbi tí yìnyín pọ̀ sí, ló ti ṣìnà wá. Fóònù mi ò lè ya fọ́tò rẹ̀, ni mo bá pe Laurent, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, ẹni tí mo fọkàn tán. Ó dé, ó wò ó pẹ́, ó ní ẹyẹ lásán ni, pé òtútù ló ń ṣe ojú mi. Mo gbà á gbọ́, mo lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, fọ́tò ẹyẹ náà ti wà níwájú gbogbo ẹgbẹ́, orúkọ Laurent ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn wakọ̀ láti ìlú òkèèrè wá kí i kú oríire.

Mo sọ̀rọ̀ nípàdé. Laurent rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ará ilẹ̀ olóoru, bí òtútù bá ti mú wọn, wọn a máa rí ohun tí kò sí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Colette, obìnrin tó jẹ́ olórí wa, tó ń wo tábìlì. Wọ́n wá fi òfin lé e pé láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tí mo bá ní mo rí, kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ lọ wò ó kí wọ́n tó gbà á. Bí wọ́n ṣe sọ mí di òpùrọ́ nìyẹn.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, máa ń sọ̀rọ̀ awó kan, irú ẹtù, ní igbó Akparé nítòsí Atakpamé, tí ìyẹ́ orí rẹ̀ dà bí irun tí wọ́n di ní ṣùkú. Ẹ bá mi bi Émile, àgbẹ̀ tó ń kó ata fún yín, bóyá ẹyẹ náà ṣì wà. Bí mo bá lè wálé, tí mo ya á, tí mo gbé e síwájú wọn, kò sẹ́ni tó máa pè mí lópùrọ́ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń wá báyìí nìyẹn, pẹ̀lú ọjọ́ tí ojú á ti Laurent.

Èmi ni ọmọ yín tí kò gbàgbé ilé,
Ùbàídùlláh


Atakpamé, 11 oṣù kejì, 2024

Ùbàídù, Àlàmú mi,

Mo kí ọ o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òtútù ìlú onílùú mú ọ mọ́lẹ̀. Blandine, ọmọbìnrin tó ń ṣe fọ́tókópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ló tẹ ìwé rẹ jáde lórí ẹ̀rọ tó gbé e wá bá mi nídìí ata. Òun náà ló máa ya tèmi yìí ránṣẹ́ sí ọ. Má tún sọ pé kí n máa fi fóònù bá ọ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ inú fóònù, gbogbo ọjà ní í dá sí i. Bàbá mi ò fi mí sílé ìwé ní Ṣakí lásán.

Òótọ́ ni, ìbínú ni mi ò fi fèsì. Mo ṣì ń bínú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kó ọmọ wá kí ìyá wọn lọ́dún, ìwọ ń wo pẹ́pẹ́yẹ létí odò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á dé ibi tí Laurent yẹn ti fi ọ́ rẹ́rìn-ín, mo ká ìbínú mi kúrò lórí rẹ, mo gbé e lé òun lórí. Ta ni ìyá rẹ̀? Ilé wo ló ti jáde? Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ta ata láti Notsé dé Glei, ẹnì kan jókòó sínú ilé gbígbóná, ó ń fi òtútù bú u. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí ìwọ bá dárí jì í, èmi ò tíì dárí jì í, kó o mọ̀.

Mo lọ sí Akparé fúnra mi. Émile ń sọ Ifẹ̀ tirẹ̀, èdè àwọn ará Akparé, èmi ń fi Yorùbá Ṣakí dá a lóhùn, a sì gbọ́ra wa yé níbi tó yẹ. Ó ní àwọn ọdẹ ti jẹ awó oníṣùkú tán, ó ku takọtabo kan péré, nínú igbó ṣúúrú tó wà lẹ́yìn oko iṣu òun, lápá ibi tí odò kékeré ń gbà. Ó ní kí n jókòó kí n má mira. Ìjàlọ gun mí lẹ́sẹ̀, ó ní kí n má gbá a. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ lọ́jà, mo dákẹ́ títí oòrùn fi kan àtàrí. A ò rí nǹkan kan. Mo bú Émile dé ojú títì.

Mo tún padà lọ lọ́jọ́ ọjà kejì, mi ò mọ ohun tó ń ti mí. Lọ́jọ́ náà, akọ ló kọ́kọ́ jáde, ó ń fi ẹsẹ̀ tú ewé gbígbẹ. Ara rẹ̀ dúdú, ó fi tóótòòtóó aró wínníwínní ṣe ọ̀ṣọ́. Abo rẹ̀ tẹ̀ lé e, ṣùkú rẹ̀ dúró ṣánṣán lórí bí ti ìyàwó tuntun. Orí mi wú. Mo di Émile lápá mú títí ó fi ní mò ń ṣe òun léṣe. Mo wá mọ ohun tó ń ṣe ọ, ọmọ mi. Mo ti kìlọ̀ fún Émile pé ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá yìnbọn nítòsí ibẹ̀, èmi àti òun la ó jọ máa fà á.

Ìyá rẹ,
Àwẹ̀ní


Liège, 5 oṣù kẹrin, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsinmi, ẹ kú ìjàlọ. Mo ka ìwé yín lórí ìdúró nínú ọkọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí àwọn èèyàn fi ń wò mí. Kò sí ìyá tó ṣe irú èyí fún ọmọ rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà ìpàdé wa, Laurent tún ń gbéra ga nípa ẹyẹ tó jí gbà lọ́wọ́ mi. Inú bí mi. Mo dìde, mo ní ìyá mi ti fi ojú ara rẹ̀ rí awó oníṣùkú nítòsí Atakpamé, ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò rí rí. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ Laurent ò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìpàdé, mo gbọ́ pé ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìparí oṣù kẹfà ló ń bọ̀ ní Togo. Ó fẹ́ ṣáájú mi débẹ̀.

Mo bẹ ọ̀gá mi fún kọ̀ǹjé, ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ó ní kò sí, àfi oṣù kejìlá. Màmá, ìyẹn ni pé bí ọkùnrin yìí bá rí ẹyẹ yẹn ṣáájú mi, ó ti gbà á. Orúkọ rẹ̀ ló tún máa wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ní sí ohun tó máa kù fún mi lókè eèpẹ̀ tí mo lè fi sọ pé òótọ́ ni mò ń sọ. Ẹ bá mi dáàbò bo àwọn ẹyẹ náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Ti Laurent, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Mo fẹ́ kó wá sílé wa, kó rí i bó ṣe rí kí èèyàn fi ojú rẹ gbolẹ̀.

Ọmọ yín,
Ùbàídùlláh


Atakpamé, 16 oṣù kẹfà, 2024

Ùbàídù,

Mo kí ọ, mo sì bá ọ wí. Ẹnu rẹ ni yóò máa kó bá ọ. Ohun tí mo fi ìjàlọ rà, o lọ ń polówó rẹ̀ níwájú ọ̀tá. Bàbá rẹ náà rí bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì í, kì í rí ẹja ńlá lódò kó má sọ fún gbogbo ẹni tó ní àwọ̀n.

Òjò ti dé, ilẹ̀ ti tutù, àgbàdo ti yọ. Émile wá bá mi lọ́jà, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí: abo awó náà ti yé ẹyin sórí ilẹ̀ nídìí igi kan, ó sì ti sàba. Mo lọ wò ó láti òkèèrè. Ìyá ẹyẹ náà fẹ̀ sórí ìtẹ́, kò mira, ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí. Akọ ń rìn kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó bí olóde. Mo gbàdúrà fún wọn, kí n má purọ́.

Nísinsìnyí, Laurent rẹ ti kọ̀wé. Ó ti wá mi rí. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ìtura tí ó fẹ́ dé sí ló mú ìwé náà wá, Blandine sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ń pè mí ní Madame. Ó ní òun gbọ́ pé mo mọ ibi tí ẹyẹ náà wà, kí n jọ̀ọ́ kí n mú òun débẹ̀. Kò dárúkọ rẹ rárá. Kò sọ pé òun mọ̀ ọ́. Mo ní kí ọkùnrin náà sọ fún un pé kó máa bọ̀, ilé mi ṣí sílẹ̀.

Kí ni kí n wá ṣe fún un? Èyí tó wù ọ́ ni màá ṣe, ìwọ lo ni ẹ̀sín. Bó o bá ní kí n lé e, màá lé e. Bó o bá ní kí n fi ọ̀nà hàn án, màá fi hàn án, bó tilẹ̀ dùn mí. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sí mi gbangba, kó tètè dé. Mi ò fẹ́ òwe.

Ìyá rẹ,
Àwẹ̀ní


Liege, 28 osu kefa, 2024

Mama mi,

E ma binu pe mi o ki yin daadaa. Won fi mi si ise meji po ni gbogbo osu yii, ni mi o fi tete ko iwe. Ero ibi ise ni mo fi n te eyi, ko ni ami kankan, oga mi si n bo leyin mi. Laurent yoo wo baalu lola.

Ni ti ite eye yen, e ma je ki o ri i rara, bi o ti wu ki o be yin to. E mu un kaakiri igbo titi ese re yoo fi bo. Ohun ti o se fun mi, e ma gbagbe. Iya re ni ki e je ki o je. Ki o je e daadaa, ki o je e yo, ki o to pada siluu re.

Eyi nikan ni mo be yin. E ma beere lowo mi boya o da mi loju. O da mi loju.

Omo yin,
Ubaidu


Atakpamé, 12 oṣù keje, 2024

Ùbàídù, ọmọ ọkọ mi,

Gba ìròyìn ìdùnnú. Ohun tó o ní kí n ṣe, mo ti ṣe é, mi ò dín in, mi ò sì ṣẹ́ ẹ kù.

Laurent dé. Ó ga, ó gbẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó gbé ṣokoléètì fún mi. Blandine ń ṣe ògbufọ̀. Mo mú un lọ sí Glei. Mo ní etí títì yẹn gan-an ni ẹyẹ náà fẹ́ràn. Ọkọ̀ ń kọjá, ó ń ku eruku sí i, ó ń fi jùmẹ́ẹ̀lì wo ẹ̀gà àti lékèélékèé. Mo ní, áà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò lọ ni. Lọ́jọ́ kejì mo mú un gba àárín oko òwú kan tó jìnnà sí Akparé bí ọ̀run ṣe jìnnà sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ bó. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ láti yọjú wo ihò òkété. Ní alaalẹ́ ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé rẹ tí kò lámì yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Mo ní, ọmọ tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹyẹ náà, òun náà ló tún ní ìyá rẹ̀, abo tó sàba, ni kí n jẹ́ kí àlejò jẹ, kó jẹ ẹ́ yó? Ó ṣòro fún mi. Mo fi í sílẹ̀, mo ń mú ọkùnrin yẹn kiri. Ṣùgbọ́n o ti kọ ọ́ pé kí n má bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú. Mo wá rò ó pé ìbínú ọmọ mi ti débẹ̀ nìyẹn, pé ó sàn kí ẹyẹ náà tán ju kí ọ̀tá fojú rí i.

Síbẹ̀, bí Laurent bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ, bóyá ǹ bá dá ẹyẹ náà sí. Mo bi í nígbà tó jókòó sórí àpótí mi nínú àgbàlá. Mo ní, ṣé ó mọ ọmọ mi Ùbàídù. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, ọmọ dáadáa ni, àmọ́ kò tíì mọ ẹyẹ, pé ó máa ń rò pé òun rí nǹkan. Lórí àpótí mi. Ó ń jẹ ẹ̀pà mi lọ́wọ́. Mo dìde, mo gba Akparé lọ.

Émile kọ̀ jálẹ̀. Ó ní èèyàn kì í mú ẹyẹ tó sàba lórí ẹyin rẹ̀, pé nílé àwọn a kì í ṣe é. Mo ní ọmọ mi ló ní kí n ṣe é. Èmi fúnra mi ni mo tú ìborùn mi, mo dà á bò ó. Kò sá, Ùbàídù. Bó bá fẹ́ sá, ì bá sá. Ó kàn fẹ̀ mọ́ ẹyin rẹ̀, ó ń wò mí. Mo dárúkọ Ọlọ́run, mo pa á bó ṣe tọ́. Áfáà ti sọ fún mi pé awó ò léèwọ̀.

Mo gún iyán iṣu Akparé. Mo fi ata mi, èyí tó dára jù nínú ẹrù, se ẹyẹ náà. Laurent jẹ ẹ́. Ó tọrọ kún un. Ó lá ìka rẹ̀, ó ní láti ìgbà tí òun ti dé Áfíríkà, òun ò tíì jẹ irú ẹran báyìí, kí ni orúkọ rẹ̀. Mo ní adìẹ igbó ni. Blandine ò lè gbójú sókè. Laurent lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọwọ́ òfo, ó ṣì ń dúpẹ́. Ìyẹ́ ẹyẹ náà wà lọ́wọ́ mi nínú àpò, ṣùkú rẹ̀ pé pérépéré. Ẹyin ni mo kó sábẹ́ adìẹ mi tó ń sàba, bóyá wọ́n á pa. Ó ti jẹ ìyá rẹ̀ bó o ṣe wí. Ṣé inú rẹ dùn?

Ìyá rẹ tó gbẹ̀san fún ọ,
Àwẹ̀ní


Liège, 1 oṣù kẹjọ, 2024

Màmá,

Ẹ kú ilé.

Ìyà ni mo kọ. Ìyà, ìyà tí í jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀. Mo ní ìyà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó jẹ, kí oòrùn pa á, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, kó padà lófo. Ta ló ní kẹ́ ẹ se ìyá ẹyẹ fún un? Ẹ mọ̀ pé òun nìkan ni abo tó kù. Ẹ jókòó sínú ìjàlọ tìtorí rẹ̀. Báwo lẹ ṣe lè rò pé èmi Ùbàídù á sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Laurent ti dé. Ó ti sọ nípàdé pé òun wá gbogbo igbó Atakpamé, kò sí awó oníṣùkú kankan níbẹ̀, pé ìyá mi jẹ́ èèyàn rere tó mọ ọbẹ̀ sè, àmọ́ pé èmi àti ìyá mi jọ ń lá àlá kan náà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo mọ̀ pé ẹyẹ náà ti gba ikùn rẹ̀ kọjá, mi ò sì lè sọ ọ́. Orúkọ mi tí mo fẹ́ gbà padà, inú ìkòkò yín ló ti jinná.

Ẹ fi ìyẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi kíákíá. Màá tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú wọn. Màá sọ fún Laurent ohun tó jẹ, màá máa wo ojú rẹ̀ bí ó ṣe ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló pa ẹyẹ náà, màá dárúkọ yín. Màá ní ìyá tó bí mi ni, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò ní bo ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má retí mi lóṣù kejìlá. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ wá wò.

Ùbàídùlláh


Atakpamé, 22 oṣù kẹsàn-án, 2024

Ùbàídùlláh,

Mo kí ọ bí èèyàn ṣe ń kí ọmọ rẹ̀, bí ìwọ ò tilẹ̀ kí mi bí èèyàn ṣe ń kí ìyá rẹ̀.

Mo pẹ́ kí n tó fèsì nítorí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi tutù. Kò tutù. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Ìwọ lo kọ̀wé sí mi láìfi àmì kan lé e lórí. Mo ti ní kó o kọ ọ́ gbangba. Èmi kọ́ ni mo mú ẹ̀rọ ọ̀gá rẹ. Ó dùn mí pé mo kà á sódì, mo ti sunkún sí i, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé gbogbo ẹrù náà rù kí ìwọ máa mi apá lọ.

O ní o máa dárúkọ mi. Má yọ ara rẹ lẹ́nu, mo ti dárúkọ ara mi. Mi ò ní fi ìyẹ́ náà ránṣẹ́ sí ọ. Bó o bá fi ọwọ́ rẹ gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn èèyàn yẹn, wọ́n á ní ìwọ lo pa á láti fi gba orúkọ. Laurent fi àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi ká lè máa kíra. Mo di ìyẹ́ náà dáadáa, mo fi ṣùkú rẹ̀ sókè pátápátá níbi tí ojú rẹ̀ á ti kọ́kọ́ kàn án, mo fi ránṣẹ́ sí i. Mo ní kí Blandine fi Faransé kọ ìwé kan sínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ bí mo ṣe pè é:

«Ẹran tí o jẹ nílé mi, tí o tọrọ kún, òun ni ẹyẹ tí o wá wò. Ìyẹ́ rẹ̀ nìyí. Orí ẹyin rẹ̀ ni mo ti mú un. Èmi Àwẹ̀ní ni mo pa á, ọmọ mi ò pa á. Ìwọ lo jí ti ọmọ mi gbà, o sì fi í ṣẹ̀sín lórí àpótí mi. Jẹ ẹ́ báyìí.»

Mo fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí Colette olórí yín pẹ̀lú, kí Laurent má lọ kó ìyẹ́ náà sínú iná kó ní òun ò rí nǹkan kan. Blandine bá mi wá ibi tí a ó fi ránṣẹ́ sí i. Ó bẹ̀ mí pé kí n yọ gbólóhùn ìparí yẹn kúrò. Mi ò yọ ọ́.

Ẹyin abẹ́ adìẹ kò pa. Gbogbo wọn ti rà. Mo lọ sí Akparé láti sọ fún Émile, kò fún mi ní àga. Akọ yẹn ṣì wà. Ó ń ké ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìtẹ́ náà wà, Émile ní iṣu òun ò ṣeé wa mọ́ nítorí igbe rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mi ò lè jókòó gbọ́ ọ tán. Ìwọ ti ní mi ò níláti retí rẹ, nítorí náà mi ò retí rẹ.

Àwẹ̀ní


Liège, 17 oṣù kọkànlá, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ọkàn le, ẹ kú ìnira tí mo kó bá yín. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìwé yìí kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ má dá mi dìde títí ẹ ó fi kà á tán.

Lánàá ni ìpàdé wa. Colette ní kí Laurent gbé ohun tó gbà láti Togo kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní òun ò gba nǹkan kan. Colette ka ìwé yín sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbólóhùn tí Blandine fẹ́ kẹ́ ẹ yọ náà wà níbẹ̀. Laurent jáde lọ sí ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé páálí náà wọlé, ó gbé e síwájú mi. Èmi ni mo bá a tú u. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fojú kan awó oníṣùkú nìyẹn.

Ó ní òun jẹ ẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gba páálí náà, òun ò lè fi ẹran kankan sẹ́nu. Colette bi í léèrè ẹyẹ etí odò ọdún tó kọjá, ta ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní èmi ni. Ó mú awò rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó gbé e lé tábìlì, ó jáde, kò sì wọlé mọ́.

Màmá, inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ní màá wò ó, ó sì dùn mọ́ mi. Wọ́n ti dá orúkọ mi padà sábẹ́ ẹyẹ mi. Àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín ń wá bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Colette ní kí n dìde kí n sọ̀rọ̀. Mo dìde. Ìyẹ́ náà wà níwájú mi, mo wò ó, ni mo bá tún jókòó.

Nígbà tí mò ń lọ sílé, mo gba etí odò. Ẹyẹ kan ké nínú esùsú, irú igbe tí mi ò gbọ́ rí. Tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti sáré. Mo kọjá lọ, mo lọ wọ ọkọ̀.

Màá wálé lóṣù kejìlá, bí ẹ bá gbà mí. Ẹ má wá àyè fún mi láti lọ sí Akparé. Ẹ bá mi sọ fún Émile pé bí akọ yẹn bá rí abo mìíràn, bí wọ́n bá tún tẹ́ ìtẹ́ níbòmíràn nínú igbó yẹn, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kó má sọ fún yín. Kó má sọ fún èmi náà.

Ọmọ yín,
Ùbàídùlláh